Lẹ́tà Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin Gbọ́dọ̀ Ní Ẹ̀rí

Bí ìsinmi gígùn yunifásítì bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní Àkùngbá, ní Ilé-Ifẹ̀ àti níbòmíràn a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sáwọn ọ́fíìsì lọ́yà ní Àkúrẹ́, Ìbàdàn, Èkó àti Àbújá pé àwọn fẹ́ wá ṣe ìntánṣíìpù. Law School máa ń rán akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ sí kóòtù àti ọ́fíìsì lọ́yà kó tó di pé wọ́n pè é sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ náà nígbà tó ṣì wà ní yunifásítì, ó di dandan kó wá àyè fúnra rẹ̀. Ó sì dùn mí pé púpọ̀ nínú àwọn lẹ́tà wọ̀nyí ò yàtọ̀ síra wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ á ní òṣìṣẹ́ takuntakun ni òun, á yin ọ́fíìsì náà pé òkìkí rẹ̀ kàn kárí Nàìjíríà, lẹ́yìn náà á bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n ṣàánú òun. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kí ó béèrè ẹ̀rí ni iṣẹ́ òòjọ́ lọ́yà tó ń ka lẹ́tà náà. Abala 131 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ kí kóòtù dá ẹjọ́ lórí ohun tí òun sọ, òun náà ni yóò fi hàn pé òótọ́ ni. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ kí wọ́n gba òun gbọ́, ìlànà yẹn gan-an ni kó fi kọ lẹ́tà rẹ̀: ohunkóhun tó bá sọ nípa ara rẹ̀, kó fi ohun tó ṣe, ohun tó kà tàbí ohun tó rí gbè é lẹ́sẹ̀.

Níbo ni ọmọ tí kò tíì ṣiṣẹ́ rí yóò ti rí ẹ̀rí? Èrò tèmi ni pé ó pọ̀ nílé ju bí ó ti rò lọ. Ẹjọ́ ilẹ̀ oko kì í tán ní agbègbè wa, láti Ìpelè títí dé Ìfọ́n àti Ìdóàní, ẹnu ọ̀nà kóòtù sì ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ jókòó gbọ́ ẹjọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá jókòó síbẹ̀ yóò gbọ́ bí ẹbí méjì ṣe ń fi ìtàn baba ńlá wọn jà sí ilẹ̀ kan náà. Nígbà tó bá padà síléèwé, á lè ka ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, èyí tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti to ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀ ní 1976. Á tún ka ẹjọ́ Kojo àti Bonsie, tí ìgbìmọ̀ Privy Council ní London dá ní 1957 lórí ilẹ̀ kan ní Gold Coast, tó sọ pé bí ìtàn ìhà méjèèjì bá takora, kí adájọ́ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àìpẹ́ yìí láti mọ ìtàn tó ṣeé gbà gbọ́ jù. Bó bá wá kọ gbólóhùn mẹ́ta péré sínú lẹ́tà rẹ̀ nípa ohun tó gbọ́ ní kóòtù, ohun tó kà lé e lórí àti ìbéèrè tó kù tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, ó ti fi hàn pé òun ń ronú bí agbẹjọ́rò. Kò ní sídìí mọ́ fún un láti sọ pé òṣìṣẹ́ takuntakun ni òun.

Ilẹ̀ nìkan kọ́. Àríyànjiyàn oyè ti kọ́ àwọn ará Ọ̀wọ̀ ní òfin ju bí ìwé ti ń kọ́ni lọ. Ẹ rántí Ọlọ́wọ̀ Olátẹ̀rú Ọlágbẹ̀gí tí wọ́n yọ nípò, tó sì tún padà sórí ìtẹ́ ní 1993. Òfin tí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe ní 2021 láti fòpin sí dída màlúù jẹko káàkiri náà wà níbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ Ọ̀sẹ̀ sì mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ tó lè ṣàlàyé ohun tí òfin náà kà léèwọ̀, kó sì sọ ibi tí ìmúṣẹ rẹ̀ ti le, ti ní nǹkan tí ẹlòmíràn ò ní. Lẹ́tà tí èèyàn ṣe àdàkọ rẹ̀ tàbí tí ẹ̀rọ kọ fún un ò lè ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú, nítorí ẹ̀rọ ò bá wa jókòó ní kóòtù.

Ẹ̀rí ọ̀hún gbọ́dọ̀ bá iṣẹ́ ọ́fíìsì tó ń kọ̀wé sí mu. Ọ́fíìsì Èkó tó jẹ́ pé àdéhùn ilé-ìfowópamọ́ ni wọ́n ń kọ látàárọ̀ ò ní fi bẹ́ẹ̀ ka ẹjọ́ oyè kún; ìbéèrè lórí bí àgbẹ̀ kòkó ṣe lè fi oko tí kò níwèé yáwó yóò wọ̀ wọ́n létí ju ìyẹn lọ. Ojú ìwé kan tó. Kí ó kọ orúkọ ẹni tó ń kọ̀wé sí láìṣì í, kó dárúkọ ọjọ́ tó lè bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí, kó sì fún ẹlòmíràn kà kó tó fi ránṣẹ́.

Àwọn kan á ní asán ni gbogbo èyí, pé ẹni téèyàn mọ̀ ló ń gbani wọlé. N kò ní jiyàn pé ojúsàájú ò sí. Ó wà, ó sì ń ba ọmọ tálákà nínú jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ bá ọmọ sọ̀rọ̀ níbì kan gbọ́dọ̀ rí nǹkan sọ nípa rẹ̀, lẹ́tà tó ní ẹ̀rí ló sì ń fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ọmọ tí kò ní ẹnikẹ́ni, lẹ́tà yẹn nìkan ló ní. Àwọn mìíràn gbà pé bí kò bá ti jẹ́ Èkó, kò wúlò. Rótìmí Akérédolú, ọmọ Ọ̀wọ̀ tó kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Ifẹ̀, Ìbàdàn ni òun àti Akin Olújìnmí ti ní ọ́fíìsì wọn. Ó di SAN, ìyẹn àgbà agbẹjọ́rò Nàìjíríà, ní 1998, ó sì di ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Nàìjíríà ní 2008.

Àtakò tó wúwo jù lójú mi ni ti owó. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kì í sanwó fún akẹ́kọ̀ọ́, owó ilé àti owó ọkọ̀ l'Ékòó sì lè pa òbí lẹ́kún. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ìntánṣíìpù àkọ́kọ́ jẹ́ ti ilé. Ilé-ẹjọ́ gíga wà l'Ọ́wọ̀, àwọn lọ́yà tó ń lọ síbẹ̀ sì wà láàárín ìlú. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bá wọn gbé fáìlì, tó bá wọn wá ìdájọ́ àtijọ́, ẹ̀rí tó máa fi kọ lẹ́tà sí Ìbàdàn tàbí Èkó lọ́dún tó tẹ̀ lé e ti ń kóra jọ nìyẹn. Kó ṣáà mọ ààlà. Ohun tó gbọ́ ní kóòtù níwájú gbogbo èèyàn, ó lè kọ ọ́. Ohun tí oníbàárà sọ nínú ọ́fíìsì, àṣírí ni, òfin ló sì dáàbò bò ó. Kí ó kọ ọ́ pé òun ṣèwádìí lórí ẹjọ́ onílé àti ayálégbé, pé òun kọ ìwé ojú-ewé márùn-ún fún ọ̀gá òun, kó má dárúkọ ẹnikẹ́ni, kó má sọ àdúgbò. Lọ́yà tó bá rí orúkọ oníbàárà ẹlòmíràn nínú lẹ́tà yóò pa á dé, nítorí yóò mọ̀ pé oníbàárà tòun ló kàn.