POS Yọ Owó, Kò Sanwó: Ta Ni Yóò Jẹ́rìí?

Ní oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí náírà di ọ̀wọ́n gógó káàkiri Nàìjíríà, ìdí ẹ̀rọ POS ni tọmọdé tàgbà ilẹ̀ Ọ̀kun sá lọ, láti Kábà títí dé Ìsánlú. Báńkì a yọ owó, nẹ́tíwọ́ọ̀kì a já, àríyànjiyàn a bẹ́ sílẹ̀.

Àkọsílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe fúnra rẹ̀ ló ń parí irú ìjà bẹ́ẹ̀: aago tí wọ́n tẹ nọ́ńbà, iye owó, èsì tí báńkì fọ̀. Ní ọdún 2020, Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé kí awuyewuye owó POS má ṣe kọjá wákàtí 72. Ṣùgbọ́n bí àkọsílẹ̀ bá sọnù ńkọ́?

Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ ṣe ń lo message queue, ìyẹn ìlà tí iṣẹ́ ń tò sí. Ó dà bí ìgbà tí ẹ fi lẹ́tà rán awakọ̀ ní gáréèjì Kábà sí Lọ́kọ́ja. Alárinà tó fi iṣẹ́ sórí nìkan yóò gbàgbé bí iná bá lọ. Èyí tó kọ ọ́ sórí dísíìkì kí ó tó dáhùn pé òun ti gbà á ló ṣeé fọkàn tán.

Ọ̀pọ̀ ló ń ṣìnà níbí. Nínú RabbitMQ, tó jáde ní 2007, ìlà lè wà títí, síbẹ̀ bí wọn kò bá sàmì sí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan pé kí ó wà lórí dísíìkì, ìlà yóò padà dé lófìfo lẹ́yìn tí iná bá lọ. Kafka, tí LinkedIn ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2011, gbára lé ẹ̀dà lórí kọ̀ǹpútà púpọ̀. Ó dára, àmọ́ bí kọ̀ǹpútà mẹ́ta bá wà nínú yàrá kan, tí jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo ń gbé wọn, ẹ̀dà wo ló kù?

Ìdúró de èsì a máa dín eré kù. Bí èsì bá sì já lọ́nà, ẹ̀rọ yóò tún iṣẹ́ kan náà rán. Nítorí náà, ìdúnàádúrà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà má baà di ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá.

Lójú tèmi, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kékeré kò nílò Kafka. Kí ẹ̀rọ kọ ọ́ sí fáìlì tirẹ̀ ná, kí ó fi ránṣẹ́ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé. Kí wọ́n sì ti pinnu ohun tí wọn yóò ṣe bí dísíìkì bá kún: àkọsílẹ̀ yẹpẹrẹ ṣeé pa rẹ́, ṣùgbọ́n bí ti owó kò bá ráyè wọlé, kí ẹ̀rọ dáwọ́ owó sísan dúró.