Ìkùukùu Inú Àgbàlá Ẹni

Bí ọ̀dọ́ tí ó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà bá wí fún bàbá rẹ̀ pé inú ìkùukùu ni òun tọ́jú ìwé ilẹ̀ ìdílé sí, kí bàbá má ṣe gbójú sókè wo sánmà, nítorí ìkùukùu tí ọmọ ń wí, ilé gidi ni, tí a to kọ̀ǹpútà sínú rẹ̀ ní ipele-ipele bí alátẹ ti ń to agolo, àwọn ẹ̀rọ tí à ń pè ní sáfà, agbẹrù-onílé-gbẹrù-àlejò, alajú-tọ̀sán-tòru tí kì í tòògbé, tí wọ́n ń gbóná bí àgbẹ̀dẹ, tí ẹ̀rọ amúlétutù sì ń fẹ́ wọn láìsinmi. Ilé ẹlòmíràn ni ilé náà sábà máa ń jẹ́, lókè òkun. Àwa a máa háyà àyè nínú rẹ̀, òwò tí ilé-iṣẹ́ Amazon ti Amẹ́ríkà sọ di ńlá láti ọdún 2006.

Híháyà kò burú, èmi náà ń háyà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀ a ṣo ni, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni í bá ni mu. Dọ́là ni púpọ̀ nínú àwọn onílé wọ̀nyí fi ń díye lé àyè wọn, bí náírà bá sì ti já wálẹ̀, owó ilé ti gòkè láìjẹ́ pé ayálégbé gba yàrá kan kún tirẹ̀. Jíjìn ilé náà sì ní ewu tirẹ̀: ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin bàjẹ́ lábẹ́ òkun ní ìtòsí Abidjan, iṣẹ́ sì dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn báǹkì kan ní Nàìjíríà. Ẹni tí sáfà rẹ̀ wà nínú ọgbà ara rẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ ìyọnu irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n akọ̀wé rẹ̀ ṣì lè ṣí ìwé kí ó sì kọ ọ́, nítorí wáyà tí ó so tábìlì mọ́ ẹ̀rọ kò jáde kúrò nínú ọgbà.

Linux, ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà, ni ó sọ irú ìkùukùu àdáni bẹ́ẹ̀ di ohun tí ọwọ́ mẹ̀kúnnù lè tó. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1991, tí ó sì tú gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ayé, tí ẹnikẹ́ni lè kà á, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in, bí ọ̀nà oko tí gbogbo ìlú jọ ń ro. Láti ọdún 2007 ni ohun tí a ń pè ní KVM ti wà nínú rẹ̀, tí ó ń sọ sáfà kan di agbo ilé oníyàrá púpọ̀, tí ará yàrá kìíní kò fi mọ ohun tí ará yàrá kejì ń sè. Ta wá ni baálé tí ń pín yàrá? Àjọ NASA àti ilé-iṣẹ́ Rackspace gbé ọ̀kan jáde ní ọdún 2010, OpenStack ni orúkọ rẹ̀, òun sì ni CERN, ilé ìwádìí ńlá tí ó wà ní ìtòsí Geneva, ń lò láti ọdún 2013. Ṣùgbọ́n agbádá òkè ni èyí, kì í ṣe ẹ̀wù oko. Ilé-ìwé tàbí ilé ìtẹ̀wé tí ó ní sáfà mẹ́ta péré, Proxmox, baálé mìíràn tí ó ti Vienna wá, ni mo rò pé ó bá a mu jù.

Ìdí tí mo fi wí pé mẹ́ta, kì í ṣe méjì, tó ohun tí à ń jókòó lé sọ. Bí sáfà bá jẹ́ méjì, tí wáyà àárín wọn sì já, olúkúlùkù yóò rò pé ìkejì òun ti kú, àwọn méjèèjì sì lè gorí oyè lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n máa kọ ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sínú ìwé kan ṣoṣo títí ìwé náà yóò fi dàrú. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta, àwọn méjì tí wọ́n ṣì ń gbúròó ara wọn yóò máa bá iṣẹ́ lọ, ẹni tí ó dá wà yóò jókòó jẹ́ẹ́, kò ní pàṣẹ, títí wọn yóò fi tún rí ara wọn.

Ètò tí ń pín ẹrù fún wọn, Ceph, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti inú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé Sage Weil ní Santa Cruz ní California, sábà máa ń fi ẹ̀dà mẹ́ta ohun kan náà sórí ẹ̀rọ mẹ́ta, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó ra àyè terabyte 12 kò lè kó ju 4 lọ sínú rẹ̀. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, tí wọ́n ń rò pé ẹ̀dà mẹ́ta tó ààbò. Bí akọ̀wé bá fi àṣìṣe pa ìwé kan rẹ́, ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó pa rẹ́. Iná kò sì ní ka mélòó ni wọ́n kí ó tó jó wọn. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2021, iná jó ilé sáfà kan tí ó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ OVH run ní Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé, àwọn oníbàárà tí kò ní ẹ̀dà níbòmíràn sì pàdánù ohun wọn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: bí sáfà bá wà ní Ìbàdàn, kí ẹ̀dà kan máa sùn ní Abẹ́òkúta.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, ẹ kúkú mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ẹni tí kò bá ní bátìrì tí yóò gbé ẹ̀rọ títí jẹnẹrétọ̀ yóò fi dáhùn, kí ó má tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó wá kọ̀ǹpútà àlòkù mẹ́ta tí ó ṣì lágbára, kí ó gbé Proxmox lé wọn lórí, kí ó fi ìwé tí kò ṣe pàtàkì sínú wọn, kí ó sì dédé fa wáyà iná ọ̀kan yọ ní ọ̀sán gangan nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Bí iṣẹ́ bá dúró tí kò sì tún bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò tíì tó àkókò láti gbé ìwé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ síbẹ̀.