Pípààrọ̀ Ṣéènì Táímìnì Ọkọ̀ Dísẹ́ẹ̀lì Àtijọ́ Nínú Ọgbà Ilé: Àlàyé fún Olùkọ́ Ìmọ̀-Ẹ̀rọ

Ìfáàrà

Ẹni tó bá ń gbé Ìjẹgun-Ẹ̀gbá ní ìjọba ìbílẹ̀ Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin kò nílò kí ẹnikẹ́ni júwe dísẹ́ẹ̀lì fún un. Àwọn àgbá epo ràgàjì-ragaji wà létí omi níbẹ̀, àwọn ọkọ̀ agbépo sì ń tò lójú títì tó gba Satellite Town jáde sí òpópónà Badagry. Lójú òpópónà yìí kan náà ni ọgbà Trade Fair wà, níbi tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ASPAMDA ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Síbẹ̀, a máa ń rí onímọ́tò tó pààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́, tó sì fi èyí tó bàjẹ́ sílẹ̀. Ṣéènì táímìnì jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí irú àṣìṣe yìí máa ń dé bá, nítorí pé inú ẹ́ńjìnnì ló fara pamọ́ sí. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé wíwọ̀n ni ó yẹ kí ó ṣáájú títú, àti pé ìṣirò tí a fi ń wọ̀n ọ́n kò kọjá ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi èdè Yorùbá ṣe.

Ọkọ̀ tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni Mercedes-Benz 240D oríṣi W123, tí wọ́n ṣe ní Jámánì láti 1976 títí di àárín àwọn ọdún 1980. Sílíńdà mẹ́rin ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀, OM616, ní. A yàn án nítorí pé a lè pààrọ̀ ṣéènì rẹ̀ láì sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀.

Ohun tí ṣéènì ń ṣe

Kránkì ni ọ̀pá irin tí àwọn písítìnì ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Kámúṣáàfù wà lókè. Òun ló ń tẹ fáàfù ṣí kí atẹ́gùn lè wọlé, kí èéfín sì lè jáde. Ṣéènì ló so méjèèjì pọ̀, òun náà ló sì ń yí pọ́ọ̀ǹpù tó ń fi dísẹ́ẹ̀lì ránṣẹ́ sí nọ́súlù. Eyín kẹ̀kẹ́ kámúṣáàfù jẹ́ ìlọ́po méjì ti kránkì, nítorí náà bí kránkì bá yí lẹ́ẹ̀mejì, kámúṣáàfù á yí lẹ́ẹ̀kan péré. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti tú ṣéènì kẹ̀kẹ́ ológeere rí yóò tètè lóye èyí.

Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kò ní pọ́lọ́ọ̀gì tí ń ṣáná sí epo. Atẹ́gùn ni písítìnì ń fún mọ́ra títí yóò fi gbóná tó láti mú kí epo gbiná. Lára 240D, ohun tó gba àyè 21 ni a ń fún sínú àyè ẹyọ 1. Fún ìdí èyí, àlàfo tó wà láàrin orí písítìnì àti fáàfù kéré gan-an. Bí ṣéènì bá fo eyín, tàbí tó já lórí eré, písítìnì yóò kọlu fáàfù, fáàfù yóò sì wọ́. Owó tí onímọ́tò yóò ná nígbà náà lè ju iye tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ tó lọ.

Bí ṣéènì ṣe ń gùn

Àwọn mẹkáníìkì máa ń sọ pé ṣéènì ti fà. Ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ó lè ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà, nítorí irin kì í fà bí rọ́bà. Oríkèé rẹ̀ ló ń jẹ. Irin róbótó kan wà nínú oríkèé kọ̀ọ̀kan tí èyí tó kàn ń yí lé lórí. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ojú ibi tí wọ́n ti ń ha ara wọn á máa fẹ̀. Bí oríkèé kan bá fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà (0.05) fẹ̀, ojú lásán kò lè rí i. Ṣùgbọ́n bí oríkèé 60 bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti di mìlímítà 3. Ọ́ìlì dúdú tí a kò tètè yí ń mú kí èyí yá, nítorí pé èéfín dísẹ́ẹ̀lì tó há sínú rẹ̀ ń rin irin bí ayùn.

Ṣéènì tó gùn ń mú kí fáàfù àti epo pẹ́ dé. Ọkọ̀ á le láti ṣáná láàárọ̀, agbára rẹ̀ á dínkù, á máa yọ èéfín. Àmọ́ nọ́súlù tó ti bàjẹ́ náà lè fa gbogbo èyí, ó sì ń pariwo ju ṣéènì lọ. Ariwo nìkan kì í ṣe ẹ̀rí.

Wíwọ̀n rẹ̀

Kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí a yọ wáyà bátìrì, kí a sì ṣí ìdérí òkè. A ó yọ àwọn hítà pọ́lọ́ọ̀gì kí kránkì lè rọrùn láti yí. Sípánà 27 ni a ó fi yí i láti ibi ìdè rẹ̀ níwájú, bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. A kò gbọ́dọ̀ dá a padà sẹ́yìn: bí a bá ṣèèṣì yí i kọjá, àfi kí a tún yí i yípo. Kí a má sì fi ìdè kámúṣáàfù yí ẹ́ńjìnnì.

Àmì kan wà lára kámúṣáàfù, òmíràn wà lára irin tó gbé e dúró. Nígbà tí méjèèjì bá kojú ara wọn gẹ́lẹ́, kí a wo iye dígírì tó wà lára kẹ̀kẹ́ kránkì nísàlẹ̀. Bí ó bá wà lórí òdo, ṣéènì ṣì dára. Bí kránkì bá ti kọjá òdo, iye dígírì tó fi kọjá ni ìwọ̀n bí ṣéènì ti gùn tó. Dígírì kan tàbí méjì kì í ṣe ẹ̀sùn. Bí ó bá ti ju márùn-ún lọ, kí a má ṣe tún gbára lé ṣéènì náà. Láàrin méjèèjì, àwọn kan ń lo irin pẹlẹbẹ wíwọ́ tí ń dá kámúṣáàfù padà sáyè. Irin yìí ń tún àkókò fáàfù ṣe, kò tún ti pọ́ọ̀ǹpù ṣe, kò sì sọ ṣéènì di tuntun. A kò kà á sí ìwòsàn.

Iṣẹ́ náà

Kí a má ra ṣéènì tókunbọ̀. Ẹni tó rà á ra ìgùn ẹlòmíràn. Kí a yẹ àwọn ike tí ṣéènì ń fara gbá wò pẹ̀lú, nítorí èyí tó ti gbó lè ṣẹ́ kí ó sì há ṣéènì tuntun.

Kí a tẹ́ tapólì sílẹ̀, nítorí ìdè tó bọ́ sínú iyanrìn máa ń ṣòro láti rí. A ó kọ́kọ́ tú tẹ́ńṣọ́nà, a ó sì tú àwọn rọ́kà kí fáàfù lè dúró ní títì. A ó fi aṣọ mímọ́ dí ihò tí ṣéènì gbà wọ ìsàlẹ̀, kí èérún irin má bàa já sínú ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn náà ni a ó rin orí irin oríkèé kan lókè kẹ̀kẹ́ kámúṣáàfù. Kí ṣéènì tó já, kí a ti dè é mọ́ kẹ̀kẹ́ náà. A ó so orí tuntun mọ́ ìdí ògbólógbòó, a ó sì yọ aṣọ náà.

Ènìyàn méjì ni iṣẹ́ yìí gbà láti ibí yìí lọ. Ọ̀kan ń yí kránkì díẹ̀díẹ̀. Èkejì ń fà ògbólógbòó jáde, ó sì ń jẹ́ kí tuntun wọlé láì dẹ̀. Bí ó bá dẹ̀, ṣéènì lè fo eyín nísàlẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọ́dọ̀ kánjú. Bí tuntun bá ti yípo tán, a ó fi irin ìsopọ̀ so orí méjèèjì, a ó sì lu orí irin náà bẹẹrẹ kí ó má lè yọ. A ó dá tẹ́ńṣọ́nà àti rọ́kà padà, a ó fi ọwọ́ yí kránkì lẹ́ẹ̀mejì, a ó sì tún wo àmì. Bí nǹkan kan bá gbé e dúró, kí a má fi ipá yí i. Ó ṣeé ṣe kí písítìnì ti kan fáàfù.

Ó ku pọ́ọ̀ǹpù, èyí tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Lára OM616, dígírì 24 kí písítìnì tó dé òkè ni ó yẹ kí epo bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Bí mẹkáníìkì kan bá ti yí pọ́ọ̀ǹpù síwájú tẹ́lẹ̀ láti fi bo àléébù ṣéènì tó gùn, epo yóò yára jù nísinsìnyí, ẹ́ńjìnnì yóò sì máa kan bí òòlù. Kí a yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó ṣáná.

Olùkọ́ kò gbọdọ̀ ju ògbólógbòó nù. Kí a ti fi rúlà wọ̀n oríkèé 60 lára tuntun kí ó tó wọlé, kí a wá wọ̀n 60 lára ògbólógbòó ní kíláàsì, ní fífà á gbọọrọ lórí tábìlì. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yọ èkínní kúrò nínú èkejì, kí wọ́n fi 60 pín in, kí wọ́n sì sọ iye tí oríkèé kọ̀ọ̀kan jẹ.