Chimie Kì í Ṣe Àlejò Nínú Ilé Wa
Ọ̀rọ̀ ìyànjú fún àwọn ọmọ Terminale àti àwọn òbí wọn

Ọdọọdún ni ọ̀rọ̀ kan náà máa ń dé bá wa ní Kambolé àti ní gbogbo agbègbè Tchamba. Nígbà tí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, tí àgbàdo ń fẹ́ kí a ro ìdí òun, tí ilẹ̀ òwú sì ń fẹ́ kí a tú òun, ìgbà náà gan-an ni ìdánwò baccalauréat máa ń kanlẹ̀kùn. Oko ń pe ọmọ, ìwé ń pe ọmọ. Ọmọ kan ṣoṣo ni, kò sì lè pín ara rẹ̀ sí méjì.

Nínú àwọn ẹ̀kọ́ tí ó ń ba àwọn ọmọ série C àti série D lẹ́rù, chimie, tí àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè ní kẹ́mísírì, kì í gbẹ́yìn. Òun àti physique ni wọ́n jọ wà nínú ìdánwò kan náà tí a ń pè ní sciences physiques. Ọmọ tí ó bá fẹ́ di dókítà, tàbí ẹni tí ń po oògùn, tàbí onímọ̀ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀, kò lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Yunifásítì ti Lomé ti wà láti ọdún 1970. Ti Kara, tí ó sún mọ́ wa jù, ti ń gba akẹ́kọ̀ọ́ láti ọdún 2004. Bac ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn méjèèjì.

Bí ọmọ bá sì kùnà ńkọ́? Ọdún kan gbáko ni yóò tún kà. Owó ilé-ìwé, owó yàrá ní Sokodé, oúnjẹ, ìwé: inú owó iṣu àti owó òwú ni gbogbo rẹ̀ yóò ti jáde. Bí ó bá jẹ́ ọmọbìnrin, ẹbí mìíràn á sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, kí ó lọ sílé ọkọ. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti olùkọ́ nìkan, ti gbogbo ilé ni.

Ohun kan ni a fẹ́ sọ lónìí: chimie kì í ṣe àlejò nínú ilé wa. Ìyá tí ń se ọṣẹ mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Ọmọ tí ó bá so ohun tí ó rí nílé mọ́ ohun tí ó kà nínú ìwé, tí ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ lójoojúmọ́, yóò ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Ẹni tí ó kàn há a sórí bí ayékòótọ́, ọjọ́ ìdánwò ni yóò fò lọ mọ́ ọn lórí.

Ọgbọ́n ọ̀kẹ́ àti ọgbọ́n mole

Ibi tí ìdààmú ti sábà ń bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan tí a ń pè ní mole. Àwọn baba wa ti mọ irú ọgbọ́n yìí tipẹ́. Nígbà tí a ń ná owó ẹyọ, bí owó bá ti pọ̀, ọ̀kẹ́ ni wọ́n ń sọ, ọ̀kẹ́ kan sì jẹ́ ẹyọ 20 000. Títí di òní, ẹni tí ń ra iṣu púpọ̀ máa ń rà á ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ọgọ́rùn-ún iṣu kékeré àti ọgọ́rùn-ún iṣu ńlá kò wúwo bákan náà, ṣùgbọ́n iye wọn dọ́gba.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mole rí. Àwọn molécule kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, nítorí náà àpò ńlá ni a fi ń kà wọ́n. Àpò kan, ìyẹn mole kan, jẹ́ 6,022 × 10²³. Orúkọ Avogadro, ará Ítálì tí ó gbé èrò rẹ̀ jáde ní 1811, ni a fi ń pe iye yìí, ní ọdún 2019 ni àwọn orílẹ̀-èdè sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ láìní àyípadà mọ́. Mole omi kan wọn gíráàmù 18. Mole sódà kan wọn gíráàmù 40. Iye kan náà, ìwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọmọ tí èyí bá yé ti rí ọ̀nà gbà wọ inú oko. Èyí tí kò bá yé yóò máa yí etí rẹ̀ ká ni.

Ìkòkò ọṣẹ

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Òrí ń bẹ ní agbègbè wa, a sì ń fi í se ọṣẹ. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò yẹn ni ìwé ń pè ní saponification. Chevreul, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó fi hàn kedere, nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1823, pé nígbà tí ọ̀rá bá di ọṣẹ, ohun méjì ni ó ń tú sí: acide gras àti ohun dídùn kan tí a ń pè ní glycérol. Bàbá yìí gbé ayé fún ọdún 102, láti 1786 títí di 1889, kò sì dẹ́kun ìwádìí kíákíá.

Ẹ jẹ́ kí a mú stéarine, ọ̀rá tí ó wọ́pọ̀ nínú àwọn ìwé iṣẹ́ ṣíṣe. Mole rẹ̀ kan ń fẹ́ mole sódà mẹ́ta. Ohun tí a ó rí ni mole ọṣẹ mẹ́ta àti mole glycérol kan. Tí a bá gbé e sórí òṣùwọ̀n, stéarine jẹ́ gíráàmù 890, sódà jẹ́ 120. Ọṣẹ jẹ́ 918, glycérol jẹ́ 92. Ẹ rò ó pọ̀: ohun tí ó wọ ìkòkò jẹ́ 1010, ohun tí ó jáde jẹ́ 1010. Kò sí èyí tí ó sọnù, kò sí èyí tí ó ti ojú ọ̀run já bọ́. Lavoisier ti fi èyí kọ́ni nínú ìwé rẹ̀ ní 1789. Ọmọ tí ó bá ṣírò tán tí apá méjèèjì kò dọ́gba, kí ó tètè padà wo iṣẹ́ rẹ̀ kí ẹni tí ń yẹ̀ ẹ́ wò tó rí i.

Ẹ tún wo èyí: ọṣẹ tí a fi omi eérú sè máa ń rọ̀, èyí tí a fi sódà ṣe máa ń le. Ìdí rẹ̀ ni pé potassium ni ó pọ̀ nínú eérú, sodium ni ó wà nínú sódà. (Sódà ń jó ara, ó sì lè fọ́ ojú: kí ọmọ kankan má ṣe fi ṣeré.)

Ibì kan wà tí àwọn tí ń ṣe ìdánwò ti máa ń dẹ okùn sílẹ̀. Saponification ń lọ títí dé òpin. Estérification kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá da mole éthanol kan pọ̀ mọ́ mole acide éthanoïque kan, nǹkan bí 67 nínú 100 ni yóò di ester, nítorí pé bí ester ti ń wá sáyé ni òun àti omi tún ń padà di ohun tí wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀. Acide sulfurique lè mú kí iṣẹ́ náà yá, ṣùgbọ́n kò lè mú un kọjá ààlà yẹn. Yíyá yàtọ̀ sí pípọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Líle yàtọ̀ sí bíbu omi là

Ọ̀rọ̀ kejì tí ó ń gbé ọmọ ṣubú ni pH. Sørensen ni ó dá a sílẹ̀ ní 1909, ní ilé ìwádìí Carlsberg, tí àwọn apọntí ilẹ̀ Denmark dá sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ti há a sórí pé a kàn máa ń fi log mú pH jáde láti inú iye tí acide jẹ́. Fún acide chlorhydrique tí ó jẹ́ 0,01 mole nínú lítà kan, wọ́n á kọ 2, wọ́n á sì gbà á. Fún acide éthanoïque, èyí tí ń mú ọtí kíkan kan, tí iye rẹ̀ jẹ́ 0,01 bákan náà, wọ́n á tún kọ 2. Wọ́n ti kùnà nìyẹn. Nǹkan bí 3,4 ni.

Kí ló fà á? Ẹ fi ọjà ṣe àpẹẹrẹ. Ní ilé kìíní, nínú 100 ènìyàn, gbogbo 100 ni ó jáde lọ sí ọjà: acide fort nìyẹn. Ní ilé kejì, nínú 100, nǹkan bí 4 péré ni ó jáde, àwọn yòókù jókòó sílé: acide faible nìyẹn. Àwọn tí ó jáde sí ọjà nìkan ni pH ń kà. Ṣùgbọ́n faible kì í ṣe dilué. Bí a bá bu omi púpọ̀ sí acide líle, a mú kí ó fẹ́lẹ́ ni, a kò yí ìwà rẹ̀ padà: gbogbo ará ilé náà ṣì ń jáde.

Bí kò bá sí ilé ìdánrawò ní ilé-ìwé yín, ẹ se ìṣápá pupa, kí ẹ sẹ́ omi rẹ̀, kí ẹ pín in sí ife méjì. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọ̀kan: yóò pupa dáadáa. Ẹ da omi eérú díẹ̀díẹ̀ sí èkejì: pupa náà yóò lọ, yóò sì máa fà sí àwọ̀ ewé. Ẹ ti fi ojú ara yín rí acide àti base, láìná ju owó ọsàn lọ.

Èdè mẹ́ta lẹ́nu ọmọ kan

Ọmọ wa ń ronú ní èdè Yorùbá tiwa, ó ń gbọ́ Tem ní ọjà Sokodé, èdè Faransé ni yóò sì fi kọ ìdánwò. Ẹrù ńlá ni. Ìmọ̀ràn tí a ń fún wọn nìyí: kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ìyá rẹ tàbí àbúrò rẹ ní èdè ilé, láìlo ọ̀rọ̀ Faransé kan. Bí ó bá yé wọn, ó ti yé ọ. Lẹ́yìn náà, jókòó kí o kọ ohun kan náà ní èdè Faransé, kí o sì lo ọ̀rọ̀ inú ìwé gẹ́gẹ́ bí ó ti wà, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan tí kò sí ní ipò rẹ̀ lè gba àmì lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí Faransé nìkan, ẹnu rẹ̀ lè yá, kí inú rẹ̀ ṣófo.

Fún ẹ̀yin ọmọ

Ẹ wá ìbéèrè ọdún tí ó ti kọjá. Ẹ má ṣe kà wọ́n bí ìtàn. Ẹ bo ìdáhùn mọ́lẹ̀, ẹ gbé aago síwájú, kí ẹ kọ ọ́ tán. Kíkà nìkan kò tó: ẹni tí ń wo oníjó kò tí ì jó. Ẹ kọ équation ná, ẹ mú un dọ́gba, kí ẹ tó fọwọ́ kan nọ́ńbà. Ẹ kọ ẹyọ ìwọ̀n sí ẹ̀yìn gbogbo ìdáhùn. Ẹ kẹ́kọ̀ọ́ ní ẹgbẹ́ kékeré, mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ Kátólíìkì ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ilé-ìwé. Kí wọ́n jókòó yí àtùpà kan náà ká pẹ̀lú. Abéèrè kì í ṣìnà. Kí ẹ sì sùn ní alẹ́ tí ó ṣáájú ìdánwò.

Ẹ sá fún oògùn ìsọ̀yè tí wọ́n ń gbé kiri, kí ẹ sì sá fún ẹni tí ó bá ní òun ní ìbéèrè ìdánwò lọ́wọ́ láti tà. Èkíní ń tan ọkàn jẹ, èkejì jẹ́ olè jíjà. Ẹni tí ó fi èrú gba ìwé ẹ̀rí dókítà, ta ni yóò gbé ọmọ rẹ̀ lọ bá?

Fún ẹ̀yin òbí

Ẹ̀yin kò mọ chimie, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyẹn tì yín lójú. Ohun tí ọmọ ń fẹ́ lọ́wọ́ yín kò pọ̀: iná tí yóò fi kàwé, ibi ìdákẹ́jẹ́ fún wákàtí méjì lálẹ́, àti ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí oko yóò fi yọ̀ǹda rẹ̀. Bí ebè mélòó kan bá pẹ́ kí a tó kọ ọ́ lọ́dún yìí, ilẹ̀ kò ní í sá lọ. A bẹ̀ yín nítorí àwọn ọmọbìnrin. Bí ọmọkùnrin bá ti oko dé, ó jókòó. Bí ọmọbìnrin bá dé, omi ń dúró dè é, ata ń dúró dè é, àbúrò ń sunkún. Ìdánwò kan náà ni wọ́n máa ṣe, ṣùgbọ́n wákàtí wọn kò dọ́gba. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin pọn omi fún oṣù méjì. Kò ní í dín ọkùnrin rẹ̀ kù.

Ìjọ Mímọ́ kò bẹ̀rù ìmọ̀. Albert Ńlá ẹni mímọ́, bíṣọ́ọ̀bù àti olùkọ́ Thomas Aquinas, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe àkíyèsí ewéko, ẹranko àti òkúta kí ó tó kú ní 1280. Ní 1941 Póòpù Pius Kejìlá fi í ṣe alágbàwí àwọn tí ń wádìí ìṣẹ̀dá. A mọ òwe tálẹ́ńtì tí Olúwa wa pa: ẹni tí ó ri tirẹ̀ mọ́lẹ̀ ni a bá wí. Ọpọlọ tí Ọlọ́run fún ọmọ Kambolé jẹ́ tálẹ́ńtì pẹ̀lú. Kí ọmọ má ṣe fi ọ̀lẹ rì í mọ́lẹ̀, kí òbí má sì fi ọkọ́ bò ó. Kí Albert ẹni mímọ́ bá wa bẹ Olúwa fún gbogbo wọn, kí wọ́n lọ ní àlàáfíà, kí wọ́n sì bọ̀ pẹ̀lú ayọ̀. Àmín.