Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ọkọ̀ àtijọ́ tó dógùn-ún, kí la lè ṣe sí i nílé?

Irin, omi àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́: bí àwọn mẹ́ta wọ̀nyí bá ti pàdé, irin máa dógùn-ún. Iyọ̀ ló ń mú un yá. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tí wọ́n ń lò létí òkun, tàbí tòkùnbọ̀ tó ti rìn lórí títì tí wọ́n da iyọ̀ sí nígbà yìnyín, fi máa ń jẹ láti ìsàlẹ̀.

Ẹ wo Volkswagen Ìjàpá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ l'Ékòó ní 1975. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì rẹ̀ wà. Bí ásíìdì bá ń kán síbẹ̀, irin ilẹ̀ ọkọ̀ á jẹ títí yóò fi lu jára.

Ẹni tó fẹ́ tún un ṣe yóò kọ́kọ́ tú bátìrì, yóò gbé e kúrò, yóò fi omi fọ ásíìdì dànù, yóò sì jẹ́ kó gbẹ. Kó lo ìbòmú àti awò ojú. Kó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti sáńpépà ha ibẹ̀ títí irin yóò fi dán, kó fi tínà nù ún, kó sì kun práímà lọ́jọ́ náà gan-an, torí irin tó wà níhòòhò kì í pẹ́ dógùn-ún padà. Ọ̀dà ló kàn.

Tó bá ti lu ńkọ́? Fífi fílà dí ihò náà kì í ṣe àtúnṣe. Gígé ni wọ́n ń gé ibi tó jẹ, kí wọ́n tó jó irin tuntun mọ́ ọn.

Bó bá jẹ́ ṣáṣí tàbí ibi tí wọ́n de bẹ́líìtì ìjókòó mọ́ ló jẹ, ẹ má dá a ṣe o. Ẹ gbé e lọ bá jórin-jórin tó mọṣẹ́.