Kókó Ara Gbòǹgbò Ẹ̀wà: Ajílẹ̀ Tí A Kì í Fowó Rà

Ní ìgbà òjò èṣí, mo bá ìyá mi àgbà ro oko ẹ̀wà wọn ní ẹ̀yìn ìlú Mopa. Ibi tí mo ti ń tu koríko ni mo ti ṣèèṣì fa ẹ̀wà kan tu. Mo wo gbòǹgbò rẹ̀, mo rí kókó wẹ́wẹ́ tó so mọ́ ọn bí ìlẹ̀kẹ̀. Àìsàn ni mo pè é. Kí Ìyá àgbà tó yíjú, mo ti fa bíi mẹ́wàá tu, kí àrùn náà má baà ran àwọn yòókù.

"Okun o, ọmọ ilé ìwé," ni wọ́n fi kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín. "Oúnjẹ ilẹ̀ lo ń fà dànù yẹn. Ibi tí ẹ̀wà wà lọ́dún yìí ni àgbàdo wa máa wà lọ́dún tó ń bọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà fún wọn. Ó ti pẹ́ tí owó àpò ajílẹ̀ kan ti ju agbára wọn lọ. Ohun tí ilẹ̀ náà bá mú jáde ni wọ́n ń jẹ títí ẹ̀ẹ̀rùn fi máa parí. Nígbà tí mo délé, mo wádìí, mo sì rí i pé òótọ́ ni wọ́n sọ.

Àwọn òṣìṣẹ́ tí ojú kò rí

Ohun ọ̀gbìn kò lè ṣe dáadáa láìsí náítírójìn. Bí a bá pín atẹ́gùn tí à ń mí sí ọ̀nà 100, bíi 78 nínú rẹ̀ ni náítírójìn, síbẹ̀ ohun ọ̀gbìn kò lè mú un jẹ bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ẹni tó jókòó sí etí òkun tí òùngbẹ sì ń gbẹ.

Àwọn bakitéríà inú ilẹ̀ tí à ń pè ní rhizobium ló mọ ọgbọ́n rẹ̀. Wọ́n á wọ inú gbòǹgbò ẹ̀wà, ẹ̀wà á kọ́ kókó fún wọn bí ilé, á sì máa fún wọn ní ṣúgà. Àwọn náà á máa sọ náítírójìn inú atẹ́gùn di oúnjẹ fún un. Ọdún 1888 ni Martinus Beijerinck, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, kọ́kọ́ yọ wọ́n jáde láti inú kókó gbòǹgbò. Irú iṣẹ́ yìí náà ni ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ ń fi gáàsì àti ooru ńlá ṣe, ìyẹn ló fi jẹ́ pé nígbà tí ogun Ukraine lé owó gáàsì sókè lọ́dún 2022, owó ajílẹ̀ náà gun òkè.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá àrùn ni? Àwọn aràn ilẹ̀ kan máa ń mú kí gbòǹgbò fúnra rẹ̀ wú. Kókó bakitéríà ní tirẹ̀ so mọ́ ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò ni, ọwọ́ sì lè já a kúrò wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ là á sí méjì: bí inú rẹ̀ bá pọ́n bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá funfun tàbí tó ní àwọ̀ ewé, kò ṣiṣẹ́.

Àlejò tó ń jẹ́ sóyà

Ẹ̀wà tiwa sábà máa ń rí bakitéríà tó bá a mu nínú ilẹ̀ wa. Sóyà, tó jẹ́ àlejò láti ilẹ̀ Éṣíà, kì í sábà bá tirẹ̀ níbí. Ọ̀nà méjì ni IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1967, gbà dá sí i. Wọ́n mú àwọn irú sóyà TGx jáde, tó lè bá bakitéríà ilẹ̀ Áfíríkà ṣe pọ̀. Lẹ́yìn náà, nínú iṣẹ́ N2Africa tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2009, wọ́n ṣe NoduMax, bakitéríà inú àpò tí à ń pò mọ́ irúgbìn sóyà.

Ohun ẹlẹ́mìí ló wà nínú àpò náà, nítorí náà oòrùn lè pa á. Ẹ wo ọjọ́ tí agbára rẹ̀ máa tán kí ẹ tó rà á. Abẹ́ ibòji ni kí ẹ ti pò ó mọ́ irúgbìn tí ẹ ti fi omi díẹ̀ rin, kí ẹ sì gbìn ín lọ́jọ́ náà. Ẹ má fi ajílẹ̀ náítírójìn púpọ̀ kún un, nítorí sóyà tó bá rí oúnjẹ ọ̀fẹ́ kì í kọ́ kókó mọ́. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ kò bá ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, bakitéríà kò lè fún un.

Àgbàdo àti àlìkámà ń kọ́?

Àlìkámà kì í ṣe ohun ọ̀gbìn Mopa. Apá Kánò, Jigawa àti Borno ni wọ́n ti ń gbìn ín. Òun àti àgbàdo kì í kọ́ kókó fún bakitéríà. Èyí tí wọ́n ń pè ní Azospirillum, tí Johanna Döbereiner ṣiṣẹ́ gidigidi lé lórí ní ilẹ̀ Brazil, máa ń gbé lára gbòǹgbò wọn, ó sì ń mú kí gbòǹgbò náà pọ̀ sí i. Àwọn àgbẹ̀ Brazil ń lò ó, ṣùgbọ́n náítírójìn tó ń mú wá kò tó ti inú kókó.

Nítorí náà, ọgbọ́n Ìyá àgbà ló sún mọ́ wa jù. Èyí tó pọ̀ nínú náítírójìn ẹ̀wà máa ń bá hóró lọ sínú ìkòkò. Ewé, igi àti gbòǹgbò tó ṣẹ́ kù ni ìpín ti ilẹ̀, kò sì yẹ ká sun ún níná.

Nígbà tí a kórè ẹ̀wà èṣí, n kò fa ọ̀kankan tu mọ́. Àdá ni mo fi gé wọn nílẹ̀, mo tẹ́ ewé wọn sórí ebè, mo fi gbòǹgbò sílẹ̀ sínú ilẹ̀. Àgbàdo la gbìn síbẹ̀ lọ́dún yìí.