BÍ EPO BÁ DÀ SÍLẸ̀ LÓKO, KÍ NI KÍ ÀGBẸ̀ ṢE?

Ọ̀pọ̀ wa tó nílé l'Ọ́jà'ba, Bẹẹrẹ, Mápó àti Bẹyẹrúnkà, tó sì ní oko ní abúlé, ló rò pé ọ̀rọ̀ epo tó ń dà sílẹ̀ kò kàn wá, pé ti àwọn ará etí òkun ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ọ̀pá epo bẹntiróòlù tí ìjọba rì mọ́lẹ̀ láti Atlas Cove l'Ékòó gba Mosimi, ó dé Apáta n'Íbàdàn níbí, ó sì lọ títí dé Ìlọrin. Inú ilẹ̀ oko ló gbà kọjá.

Níbo ni epo ti ń dà?

1. Ọ̀pá tó gbó, tó dógùn-ún, lè já. Ní January 12, 1998, ọ̀pá epo rọ̀bì kan já ní Idoho, nínú òkun Akwa Ibom. Bí àgbá 40,000 ló dà. Omi gbé epo náà títí dé etí òkun Èkó.
2. Àwọn olè ń lu ọ̀pá láti fa epo.
3. Táńkà máa ń ṣubú lójú títì. Táńkì abẹ́ ilẹ̀ nílé epo náà máa ń jò.
4. Epo dúdú tí àwọn mẹ́káníìkì ń já dà sí gọ́tà. Òjò á gbá a lọ sínú Kúdẹtì àti Ògùnpa, ó di Odò Ọ̀nà. Omi yẹn náà la fi ń bomi rin ẹ̀fọ́ nísàlẹ̀ odò.

Kí ni epo ń ṣe fún ilẹ̀?

Ilẹ̀ ń mí bí èèyàn. Epo á dí àwọn ihò tíntìntín inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ àti omi ò ní ráyè wọlé, gbòǹgbò á sì rà. Àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí, tó ń jẹ epo nínú ilẹ̀, á tún bá ohun ọ̀gbìn du oúnjẹ. Ìdí nìyẹn tí ewé àgbàdo fi ń pọ́n. Lójú omi, epo á tẹ́ bí aṣọ, ẹja ò ní rí èémí mí.

Kànga ló burú jù. Lọ́dún 2011, àjọ UNEP gbé ìròyìn jáde lórí omi tí wọ́n yẹ̀ wò nílẹ̀ Ògóni. Ní Ogale, májèlé benzene tó wà nínú omi mímu ju ìwọ̀n tó yẹ lọ ní ìlọ́po 900. Wọ́n ní àtúnṣe ibẹ̀ lè gba ọdún 25 sí 30.

Kí ni ká ṣe?

• Bí òórùn epo bá ń rùn lóko, ẹ sá kúrò. Ẹ má ṣáná, ẹ má tan fóònù níbẹ̀, ẹ má sì lọ bu epo. Ní Jesse, October 1998, iná pa èèyàn tó ju 1,000 lọ nídìí ọ̀pá epo.
• Ẹ sọ fún baálẹ̀, ọlọ́pàá àti Civil Defence. NOSDRA, tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 2006, ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ epo tó dà.
• Ẹ ya fọ́tò oko, kí ẹ kọ ọjọ́ àti ohun tó bàjẹ́ sílẹ̀. Àmọ́ ẹ rántí: òfin ọ̀pá epo ọdún 1956 kò fi dandan lé e pé kí ẹni tó ni ọ̀pá san gbà-má-bínú fún ohun tí ọwọ́ ọ̀bàyéjẹ́ ẹlòmíì fà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká máa ṣọ́ ọ̀pá tó gba oko wa.
• Bó bá jẹ́ epo díẹ̀, bíi ti ẹ̀rọ ìlọta, ẹ gbẹ́ yàrà kékeré yí ibẹ̀ ká kó má ṣàn dé odò. Bí òórùn bá ti lọ, ẹ tú ilẹ̀ náà, ẹ po ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà mọ́ ọn, ẹ máa wọ́n omi sí i, ẹ sì máa tú u lóòrèkóòrè. Ẹ má gbin nǹkan jíjẹ síbẹ̀ títí koríko á fi hù dáadáa fúnra rẹ̀.
• Ẹ má da ọṣẹ sí i. Ẹ má fi epo dúdú pa ikán nídìí iṣu tàbí ẹ̀gẹ́.

Epo tó dà lọ́jọ́ kan lè ba oko jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó bi òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tó ń bẹ̀ yín wò. Ire oko á jọ́mọ o.